Ìbọn Kan, Ilé Ọta Méjì

Òórùn epo máṣíìnì ìránṣọ ni mo fi ń rántí bàbá mi. Ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí a bá ti sá ìrẹsì síwájú ilé wa ní Ọ̀fàdà, yóò gbé agolo bísíkíìtì kan jáde, yóò tẹ́ àkísà funfun sórí tábìlì, yóò sì mú ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ jáde. Ó ní ìwé àṣẹ ìjọba. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ló bá a gbà á nígbà tó ń ṣe alábòójútó oko. Ìbọn náà kò wọ́pọ̀. Irin roboto kan wà láàárín rẹ̀ tó ń yí, ihò mẹ́fà ló ní, inú àwọn ihò náà ni ọta ń gbé. Ilé ọta ni bàbá mi ń pè é. Méjì ni ilé ọta tó bá ìbọn kan yìí wá: ọ̀kan gba ọta kékeré, èkejì gba ọta tó gùn tó sì lágbára jù ú lọ. Bí irú kan bá wọ́n lọ́jà, ká yọ ilé rẹ̀ kúrò, ká fi èkejì sí i. Bàbá mi a máa fi ọgbọ́n yìí yangàn bí ẹni pé òun ló rọ ọ́. Àmọ́ kí n má parọ́, n kò rí i kó fi pa nǹkan kan rí. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ wá ní ìrẹsì ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá yìn ín, wọ́n á fò díẹ̀, wọ́n á sì padà wá jókòó.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bí fún un. Oṣù méje ni mo fi ju àbúrò mi lọ. Bàbá á gbé ilé ọta kan fún mi, á gbé èkejì fún un, òun alára á máa nu ìbọn. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá ṣe tán, á fi wọ́n sínú ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á yí i, á dún kẹ́.

"Ó pé," ni bàbá mi máa ń wí.

Nígbà tó kú, àwọn àgbà ẹbí pín ogún ní ìdí-igi, ìdí ìyá mi lọ́tọ̀, ìdí ìyá àbúrò mi lọ́tọ̀. Ilẹ̀ pín, àga pín, ó wá ku agolo bísíkíìtì. Kò sẹ́ni tó rántí pé ìwé àṣẹ ti bá ẹni tó ni ín lọ, àti pé àgọ́ ọlọ́pàá ló yẹ ká gbé ìbọn náà lọ. Àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí tú u kalẹ̀, ìbọn lápá kan, ilé ọta méjèèjì lápá kejì.

"Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú," ó ní. "Ó yá, mú tìrẹ."

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí mo ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n, mo wò ó, mo rí i pé méjì ju ọ̀kan lọ. Mo kó ilé ọta méjèèjì sápò. Àbúrò mi wojú mi, ó mú ìbọn. Bí ohun tó ní iṣẹ́ méjì tẹ́lẹ̀ ṣe di ohun tí kò níṣẹ́ kankan nìyẹn.

Kò pé oṣù kan tó ránṣẹ́ sí mi láti Ifọ̀, níbi tó kó lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn wá ní Sátidé, ká jọ nù ún." Inú bí mi. Àbúrò ló ń wá kí ẹ̀gbọ́n nílé wa, n kò sì gbọ́ ọ rí pé ẹ̀gbọ́n ń wọkọ̀ lọ kí àbúrò. Mo ní kó gbé ìbọn wá. Ó ní ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà, èèyàn kì í gbé ìbọn kiri. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ àfojúdi ni mo gbọ́. Mo dákẹ́, òun náà dákẹ́, ó sì lé ní ogún ọdún.

Mo kọ́lé sí Mowe. Ìyàwó mi kú síbẹ̀, àwọn ọmọ mi lọ sókè òkun, yàrá mẹ́rin wá ku èmi nìkan. Ní Sátidé, mo máa ń nu ilé ọta méjèèjì, kò sì sí ibi tí n ó fi wọ́n sí. Ó máa ń dùn mí. Aládùúgbò mi kan, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, bá mi nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀kan síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Sà, nọ́ńbà wà lára ẹ̀," ó ní. "Nọ́ńbà kan náà ló máa wà lára ìbọn ẹ̀. Àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ lókè òkun, tí wọ́n bá rí i tó pé, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sùn. Ṣùgbọ́n méjì yìí nìkan? Irin lásán ni. Ẹ lọ gbé e fún ọlọ́pàá, sà. Kò níwèé."

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti rí àwáwí tí n ó fi lọ sí Ifọ̀ láì jẹ́ pé èmi ni mo lọ kí àbúrò mi: ká jọ gbé e fún ọlọ́pàá. Mo kó ilé ọta méjèèjì sápò, mo wọkọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde. Ẹkún ló bú sí. Àbúrò mi ti kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí àwọn mùsùlùmí ṣe ń ṣe.

"A pe nọ́ńbà yín títí, Bọ̀dá mi, kò lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà, n kò sì fi ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ti gbé ìbọn náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. "Gbogbo Sátidé ló máa ń nù ún. Á gbé àga kejì sídìí tábìlì. Tí ọmọ bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní kó dìde, ti Bọ̀dá ni."

Wọn kò tíì gbé ìbọn náà kúrò ní àgọ́ nígbà tí mo débẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà wo nọ́ńbà, ó bára mu. Ó ní kí n bá òun fi í sí i, òun kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Mo fi èyí tó gba ọta kékeré sí i, mo yí i, ó dún kẹ́. Ọlọ́pàá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó fún mi níwèé, mo wọkọ̀ padà sí Mowe.

Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ni wọ́n ń bá wí, mo sì ti ń rù ú láti ọjọ́ tí mo ka méjì tí mo ní ó ju ọ̀kan lọ. N kò ní nǹkan kan láti nù mọ́. Síbẹ̀, ní Sátidé, mo ṣì máa ń tẹ́ àkísà funfun sórí tábìlì, màá sì gbé àga kejì sídìí rẹ̀. Bí aládùúgbò mi bá wọlé tó fẹ́ jókòó síbẹ̀, mo máa ń ní kó mú òmíràn, ti àbúrò mi ni.