Lọ́yà Tó Ní Kí Wọ́n Kà Á Sókè

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá a tẹ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òkìkí ló gbé e dé ìdí òṣèlú, ẹ bi onítọ̀hún bóyá ó mọ ohun tí òkìkí náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n.

Lọ́yà ni ọ̀gá mi. Ọdún méje ló fi kọ́ṣẹ́ òfin nílẹ̀ àwọn tó ń ṣàkóso wa, ọdún méje náà ni ìyàwó rẹ̀ fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ kó lè parí rẹ̀. Nígbà tó dé, ó háyà yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà. Tábìlì méjì, àga mẹ́ta, ọ̀kan nínú àga náà sì ń mì. Èmi ni mo ń jókòó sórí èyí tó ń mì.

Ó ní àṣà kan tó máa ń sú mi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ka síwèé lọ́fíìsì wa àfi tí mo bá kà á sókè láti òkè délẹ̀. Káfíńtà kan ló fà á. Wọ́n ní kó tẹ̀ka síwèé owó-orí, kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lòun ń fi ta ìjọba lọ́rẹ. A gbé ẹjọ́ náà lọ, a gbé e bọ̀, a pàdánù. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá mi ti ń sọ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́: “Ẹ kà á sókè.” Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Kà-Á-Sókè.

Lẹ́yìn tá a pàdánù irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án, ó ti ìwé sẹ́yìn.

“Akọ̀wé, òfin tí wọ́n kọ fúnra wọn ni mo fi ń bá wọn jà. Ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́?”

Lọ́jọ́ Sátidé, ó dúró sórí pápá, ó sọ̀rọ̀ fún igba ènìyàn: “Ilẹ̀ yìí, àwa la ni ín. Kí wọ́n máa lọ sílé wọn.” Nítorí gbólóhùn méjì yìí, wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án, wọ́n sì ṣòfin pé èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ ò gbọdọ̀ kóra jọ mọ́.

Lọ́yà ìjọba mú ìwé ẹ̀bẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Tí ọ̀gá mi bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní kóòtù, ó bọ́. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, wọ́n á sì gba ìwé àṣẹ lọ́yà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ọdún méje tí ìyá fi ránṣọ, ẹ má jẹ́ kó wọgbó.”

Ó wojú ìyàwó rẹ̀ tó gbé oúnjẹ wá. “Ìyá wọn, ṣé o gbọ́ ìṣirò akọ̀wé?”

“Mo gbọ́. Ó ṣì í ṣírò. Mi ò ránṣọ ọdún méje kí wọ́n lè rí ẹni táá máa bẹ̀ wọ́n.” Ó ṣí abọ́. “Ẹ̀rọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹun.”

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé, ọ̀gá tèmi ti sọ̀rọ̀. Gbé bébà.”

Igba ìwé ìpè ẹlẹ́rìí ni mo tẹ̀, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà lórí pápá. Akọ̀wé kóòtù kì í ka nǹkan tó ń lu òǹtẹ̀ sí. Aago ló máa ń wò. Ó lu gbogbo ẹ̀ pátá.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, sájẹ́ńtì bá èrò lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. “Ta ló ní kẹ́ ẹ kóra jọ?”

Káfíńtà na ìwé tiẹ̀ sí i. “Kóòtù ni. Tó bá ṣòro fún yín láti gbà bẹ́ẹ̀, ẹ kà á sókè.”

Nínú kóòtù, adájọ́ ti ìwé ẹ̀bẹ̀ síwájú ọ̀gá mi.

“Olúwa mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè, kí ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀.”

“Ìwọ? O gbọ́ èdè wa ju àwa fúnra wa lọ.”

“Òfin yín ló ní kí wọ́n ka ìwé fún ẹlẹ́jọ́ kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò yọ ẹni tó gbọ́ èdè sílẹ̀.”

Adájọ́ yẹ òfin wò. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n kà á. Ooru ti jẹ́ kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, ògbufọ̀ wa ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Mo tọrọ àforíjì pé mo sọ pé ilẹ̀ yìí, àwa la ni ín, àti pé kí wọ́n máa lọ sílé wọn.”

Igba ènìyàn dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọ̀gá mi ní, “Ẹ ṣé, Olúwa mi. Èmi sọ ọ́, ẹ mú mi. Kóòtù yín náà ti sọ ọ́ báyìí.” Ó fa ìwé àṣẹ rẹ̀ yọ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. “Ẹ máà wulẹ̀ wá a délé mi.”

Ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì náà pé. Nígbà tó jáde, èrò tó ń dúró dè é ò ṣe é kà, bẹ́ẹ̀ èmi gbìyànjú. Èrò náà ló ń tì í síwájú títí àwọn tó ń ṣàkóso wa fi gbé ìwé òmìnira wá pé kó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ojú ewé mẹ́tàdínlógún. Mo kà á sókè. Ní ojú ewé kẹsàn-án, wọ́n ti rọra kọ ọ́ pé gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà ṣì jẹ́ tiwọn. Ọ̀gá mi fa ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀ dá a kọjá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní àwọn á dá ìwé àṣẹ lọ́yà rẹ̀ padà fún un, kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹsàn-án yẹn wà.

“Ẹ fi ìyẹn pa mọ́,” ni ọ̀gá mi wí. “Ẹ kọ́kọ́ dá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà padà.”