Ewé Gbòdògì Nínú Ìgò

Ológìnní ọmọbìnrin mi kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀, mo rí kókó pupa kan níbẹ̀ tó ti di egbò. Mo lé ọmọ mi sẹ́yìn, mo ní kó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Dókítà ẹran ní Ìlá sọ fún mi pé àrùn náà kò lè ran ọmọ náà, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀.

Ó ní ó jọ jẹjẹrẹ. Ó gé díẹ̀ nínú kókó náà sínú ìgò omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, kí n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Níbẹ̀, wọn yóò wá àwọn àmì kan nínú ẹran tó gé náà tí ojú lásán kò lè rí, èyí tó ń sọ bí àrùn náà ṣe ń yára pọ̀ tó.

"Tí kò bá tíì le, n ó gé e kúrò. Tó bá ti le, mà, ẹ má jẹ́ ká dá a lóró."

Mo fi ọ̀rá dúdú di ìgò náà, mo gbé e sórí àpótí de awakọ̀ takisí àárọ̀. Mo sọ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó yá, lẹ́yìn tí awakọ̀ ti gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, dókítà pè mí. "Mà, ta ló fi ewé wé ẹran náà? Omi oògùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti jẹrà, wọn kò rí àmì kankan kà."

Ìyá mi ló wà níwájú mi, tó ń to obì rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ewé gbòdògì nísàlẹ̀, ewé gbòdògì lókè.

"Ìyá, ṣé ẹ fọwọ́ kan ìgò yẹn?"

"Mo bá ọ tún un ṣe ni. Òórùn omi yẹn ń fọ́ni lórí! Obì tí omi bá kàn, ṣé kì í rà?"

"Ẹran ni, Ìyá, kì í ṣe obì!"

"Ẹ gbọ́ o, akọ̀wé. Obì tèmi kì í bàjẹ́ nínú ewé. Ọ̀rá dúdú tìrẹ ńkọ́?"

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ewé tó tutù jù lọ nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló mú.

Mo bẹ dókítà kó gé òmíràn. Ó fọwọ́ pa ìhà ológìnní náà, ó mirí. Ó ti rù jù. Abẹ́rẹ́ oorun tí wọ́n máa gún un lè pa á.

Mo délé, ọmọ mi di apá mi mú. "Màámi, ṣé èyí tó le ni?"

"A kò mọ̀. A kò sì ní mọ̀."

Ó lọ jókòó ti ológìnní rẹ̀, ó ń fi ìka kán ògì sí i lẹ́nu. N kò pè é pé kó lọ fọ ọwọ́.