Orò Sé Wa Mọ́ Ilé Tí A Wá Wò

Nígbà tí onílé wa ní Mùṣín sọ pé òun fẹ́ wó ilé òun kí òun fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú wa kúrò nínú ilé tí ẹ̀fọn ti ń bá wa pín oúnjẹ alẹ́. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mi ò sọ ibi tó yẹ kó gbé wa lọ. Bí èèyàn bá ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọba tó ni ilẹ̀ gbogbo, ó yẹ kó fi àdírẹ́sì sí i.

Bàbá àwọn ọmọ mi ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ní ilé kan sí ẹ̀bá ọ̀sà níbẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé ìsàlẹ̀ ilé náà ṣófo. Ó máa ń sọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ bí àáfà ṣe ń sọ̀rọ̀ àlùjánnà: atẹ́gùn tútù, omi tó tẹ́ rẹrẹ, ẹja tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìkòkò. Ọmọ wa ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irun díẹ̀díẹ̀ lókè ètè, ti gba Ẹ̀pẹ́ gbọ́ nítorí ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni kò gbà. Ó ku ọdún kan kó jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Àwo ló ń fọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́.

"Ẹ máa lọ, Mọ́mì. Èmi máa gbé lọ́dọ̀ Àǹtí."

Àbúrò mi, tí òun náà ń gbé ní Mùṣín, ló ń pè ní Àǹtí. Kò pariwo, kò sunkún, ó kàn ń fọ àwo lọ. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ọmọ tó bá ń pariwo ń fẹ́ kí wọ́n bẹ òun ni, èyí ti ronú tán. Èmi náà lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, fún táàmù kan péré, wọ́n ní kí n lè sún mọ́ ilé kéwú tó dáa. Láti ọjọ́ náà, àlejò ni mo jẹ́ nílé ìyá mi. Ìyá mi a máa fi àwo tó dáa gbé oúnjẹ fún mi. Mi ò fẹ́ fi àwo tó dáa gbé oúnjẹ fún ọmọ tèmi.

Mo sì ti ṣe ìwádìí mi parí lọ́kàn: ọkùnrin ni. Kí ló tún lè mú ọmọbìnrin rọ̀ mọ́ Mùṣín? Gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè ló ń wẹ̀ ní kùtùkùtù, tó ń fín lọ́fínńdà, tó ní ilé kéwú lòun ń lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn aṣọ rẹ̀ bí ajá ọlọ́pàá.

A kọ́kọ́ lọ wo Ẹ̀pẹ́. Àbúrò ìyá ọkọ mi, bàbá arúgbó kan tó ti fi ẹja pípa sílẹ̀ àmọ́ tí kò tíì fi ìròyìn ẹja sílẹ̀, mú wa yí ilé ká. Ilé dáa, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lóòótọ́. Ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀ kí bàbá, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí èèyàn bá kúrò níbí láàárọ̀, ṣé ó lè dé Mùṣín kó tó di aago mẹ́sàn-án?"

"Mùṣín?" Bàbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Kí lo gbàgbé síbẹ̀? Eyín rẹ ni?"

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ mi. "Ṣé ẹ gbọ́? Ọkùnrin ni."

Èmi ni mo wá mú Ìkòròdú wá. Kò jìnnà tó Ẹ̀pẹ́, ilé ibẹ̀ sì ṣì wà lágbára wa. Mo rí ejẹ́ńtì kan tó ní ilé tí òun ní ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ibùdókọ̀ Benson. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé màlékà ló fi ṣe òṣùwọ̀n ìrìn yẹn. Ó dá ọjọ́ fún wa.

"Ẹ wá lọ́jọ́ náà gan-an, Màmá. Ọ̀nà máa dá páropáro. Àmọ́ ẹ tètè dé o."

Ní alẹ́ tó ṣáájú, mo kírun ráká méjì, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n mọ ilé náà tinú-tòde kí a tó sanwó. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbéra. Ọ̀nà dá lóòótọ́. Mo ń ṣe Alihamudulilahi ní gbogbo ibi tí ó yẹ kí a ti há. Nígbà tí a dé Benson, mo ṣàkíyèsí pé kò sí obìnrin kan tó pàtẹ. Àwọn ọkùnrin nìkan ló ń rìn. Mo rò ó lọ́kàn pé àwọn obìnrin Ìkòròdú mà ní ọkọ tó dáa o, tó ń jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ejẹ́ńtì wọ́ wa sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. "Ẹ tètè, ẹ tètè, ká ṣe é kíá."

Ilé alájà kan ni, onílé ń gbé òkè. Ọmọ Ìkòròdú ni ìyá náà, Àlàájà tó ti dàgbà, tó fi ìborùn funfun bo orí. Bó ṣe rí èmi àti ọmọ mi ní géètì, ó kígbe.

"Ta ló kó obìnrin jáde lónìí?"

"Ẹ má bínú, Àlàájà," ni ejẹ́ńtì wí. "Mo rò pé a ó ti ṣe é tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

"Orí rẹ dàrú! Ṣé ìwọ lo máa bá orò sọ̀rọ̀ pé kó ní sùúrù?" Ó fà wá wọlé, ó ti géètì, ó tún fi ẹ̀yìn tì í. "Orò ń jáde lónìí. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Ẹ̀yin méjèèjì kò ní kúrò níbí títí di ìrọ̀lẹ́."

"Àlàájà, mùsùlùmí ni wá."

"Èmi ńkọ́, ìyàwó? Ṣé inú ìṣáná ni mo ti rí Àlàájà tèmi ni? Mo dé Mẹ́kà, mo jùkò lu èṣù. Nígbà tí mo padà dé, ṣé o rò pé orò béèrè páàsì lọ́wọ́ mi? Wọlé, jókòó."

Àwọn ọkùnrin lè jáde ní tiwọn. Ọkọ mi wò mí, ojú rẹ̀ fà ro bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ èèyàn rẹ̀ fún, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé géètì. Òun, ọmọ rẹ̀ àti ejẹ́ńtì gba Ìpakodò lọ láti lọ wo ọkọ̀ ojú omi.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe gba àdúrà mi. Mo mọ ilé náà tinú-tòde. Mo mọ̀ pé omi ẹ̀rọ pọ́n bí omi èèpo igi. Mo mọ̀ pé bí èèyàn méjì bá wọ kíṣìnnì, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ tọkọtaya. Iná ò sí, fóònù ọmọ mi kú, tèmi náà tẹ̀ lé e. Àlàájà gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún wa, ó sì sùn lórí àga kó tó béèrè bóyá ó dùn.

Nígbà náà ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké Kùránì lábẹ́ ẹ̀mí, ó ń lọ, ó ń padà sórí áyà kan náà.

"Kí lò ń há sórí?"

"Ti wòlímọ̀, Mọ́mì."

Ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá ka Kùránì parí ni. Mo ní ṣebí ó ṣì jìnnà. Ó wò mí bíi pé èmi ni ọmọ.

"Ó ti kù díẹ̀. Àáfà ní èmi ni mo máa kọ́kọ́ ké. Tí mo bá lọ Ẹ̀pẹ́, àáfà tuntun máa ní kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Kò purọ́. Gbogbo àáfà, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ló gbà pé àáfà tó ṣáájú òun kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Èmi gan-an ka álífù ní ẹ̀ẹ̀mẹta nítorí pé a kó ilé.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí. Aṣọ mi lẹ̀ ń gbóòórùn."

"Kò wá sí ọkùnrin?"

"Mọ́mì! Ọkùnrin wà, kò tiẹ̀ mọ Kùránì ké. Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe máa lọ gbé lọ́dọ̀ Àǹtí tí kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀?"

"Ó dá ọ lóhùn," ni Àlàájà wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé.

Lẹ́yìn ìrun àìlà, a gbọ́ ohùn orò lókèèrè. Àlàájà dìde fa kọ́tìnnì, ó padà jókòó, ó ń já tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ títí ohùn náà fi jìnnà. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ lanu.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èèyàn lè lọ Mùṣín láti ibí láàárọ̀, kó padà dé lọ́jọ́ kan náà?"

"Ọmọ mi kan ń ta bàtà níbẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń ráhùn, àmọ́ ó ń délé."

Ọmọbìnrin mi wá kọjú sí mi. "Tó bá jẹ́ ibí, mo máa bá yín kó wá. Àmọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, títí a ó fi ṣe wòlímọ̀, ẹ ò ní sọ pé ọ̀nà jìn, ẹ ò ní ní kí n fi sílẹ̀."

Mo ti ní "mo gbà" kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Omi pupa, kíṣìnnì tọkọtaya, mo gba gbogbo rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣí géètì. Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú ẹja àti ojú tí oòrùn ti pa, ó ní atẹ́gùn Ìpakodò náà kò burú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Ẹ̀pẹ́. Mo sọ fún un pé ibí ni. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó wò ó, ó tún wò mí.

"Omi yìí?"

"Omi yẹn gan-an."

Mo gba fóònù rẹ̀, mo pe àbúrò mi pé ọmọ kò ní wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní òun ti ra ìrọ̀rí tuntun sílẹ̀ dè é. Ọmọ mi na ọwọ́, ó gba fóònù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi sùn. Mo máa yà kí yín ní Sátidé, ṣùgbọ́n mi ò ní pẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ padà sílé."