Ìyá Èèrà Méjì Nínú Gíláàsì Àtùpà

Èmi kò mọ ọdún tí wọ́n bí mi, ṣùgbọ́n mo mọ ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé mọ́ṣáláṣí wa ni, tí àwọn baba wa ń kírun lábẹ́ igi máńgòrò, tí máńgòrò pípọ́n sì ń já lu ẹ̀yìn àwọn tó forí kanlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Àkọ́rọ̀ òjò ló rán mi létí. Ó rọ̀ níjẹta, òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi sì gba gbogbo ilé. Rékíyà, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, sáré jáde, ó sì padà wọlé pẹ̀lú èèrà ńlá kan nínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó bu omi díẹ̀ sí ìdí ọ̀pá náà, ó fi òwú dí i, ó tún fi òwú dí ẹnu rẹ̀. Ó ní ìyá èèrà ni, òun fẹ́ sìn ín. Ó ní àwọn tó ń sìn ín pọ̀ nínú tẹlifóònù òun, àwọn òyìnbó tó dàgbà tán, tó nírùngbọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó wá ìkejì sí i, kí tọ̀hún lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

"Rárá, Màmá. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá di méjì, kò ní dáa."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ohun tí ọmọ yìí rí nínú tẹlifóònù kí ó tó pajú dé, gbogbo òjò ọdún kan ni èmi àti Sáfúrà fi kọ́ ọ.

Baba kan náà ló bí èmi àti Sáfúrà. Ìyá mi ni ìyáálé. Ìyá tirẹ̀ ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré. Orogún ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìkòkò kan ni wọ́n fi ń se irú, èéfín kan ló ń jáde lágbàlá wa, ọmọ tó bá sì ń sunkún, ọmú tó bá sún mọ́ ọn ló ń mu.

Nírọ̀lẹ́ àkọ́rọ̀ òjò, àwọn ọmọdé yòókù a gbé abọ́ omi jáde láti kó èsúnsún tí wọn yóò yan jẹ. Sáfúrà kì í bá wọn lọ. Ẹ̀bá ọ̀nà oko Goro ló máa ń fà mí lọ, níbi tí àwọn èèrà ńlá tó ń kó ọkà wọ ihò ti ń tú jáde tìyẹ́tìyẹ́. Ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ará ilé. Akọ kéré, orí rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá ti fò lẹ́ẹ̀kan, ikú ló kù. Ìyá ni ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò, tí ikùn rẹ̀ wúwo. Sáfúrà a ní kí n má mú èyí tó ń fò. Èyí tó ti bọ́ ìyẹ́ sílẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ wá ilé kiri, òun ni kí n mú, kí n sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa bóyá àpá ìyẹ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún ìjì yẹn, ó mú ọ̀kan, èmi náà mú ọ̀kan. Tirẹ̀ pọ́n nídìí. Tèmi dúdú látòkè délẹ̀.

Ẹn, nílé tiwa, ta ló ń jẹ́ kí aláboyún dá sùn? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Bí a ṣe kó àwọn méjèèjì sínú gíláàsì àtùpà kan tó ti sán nìyẹn. A fi amọ̀ dí ìdí rẹ̀, a bu iyẹ̀pẹ̀ tútù sí i, a fi òwú dí ẹnu rẹ̀, a sì fi àkísà dúdú wé e. Ẹ̀gbẹ́ àmù omi Ìyá Kékeré la gbé e sí, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti jọ gbẹ́ ihò kan. Nígbà tó yá, wọ́n jọ yé ẹyin sójú kan, àwọn méjèèjì sì ń lá a. Ìyá Kékeré ká àkísà náà sókè, ó ní, "Ìyáálé, ẹ wá wo èmi àti ẹ̀yin." Ìyá mi béèrè pé èwo ni òun. Ìyá Kékeré ní, "Èyí tí ìdí rẹ̀ tóbi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí irú fi jóná.

Òjò kò tíì rọ̀ délẹ̀ nígbà tí tata wa tó ń gbé ní Kútọnu, àbúrò baba wa obìnrin, ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ọmọbìnrin kan tí yóò máa bá òun gbé, tí yóò máa bá òun ta aṣọ. Baba ní ọ̀kan nínú àwa méjì yóò lọ. Kò sọ ẹni tí yóò lọ. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ àmù la máa ń jókòó sí, tí a ń wo àwọn ìyá méjèèjì. Sáfúrà ní bí wọ́n bá ti jọ wà, àwa náà yóò jọ wà.

Àwọn ìyá wa jọ kúnlẹ̀ bẹ Baba pé kó má mú ìkankan lọ. Ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, tí wọ́n ti ń dá oko iṣu ní Sanson, dé. Wọ́n ní a kì í kọ̀ fún tata, ṣùgbọ́n tiwa kò ní í lọ. Ìyá Kékeré kò ní ọmọkùnrin tó lè dá wọn lóhùn. Ìyá mi ń wo ilẹ̀.

Lójú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, Sáfúrà kò sunkún. Ó ní, "Bá mi wo tèmi."

Mo wò ó. Àwọn ọmọ èèrà yọ, wọ́n funfun, wọ́n wá dúdú. Mo ń fún wọn ní ọkà bàbà tí mo rún wẹ́wẹ́, inú mi sì ń dùn. Ọkà ń wọlé, wọ́n ń pọ̀ sí i. Bọ́n, ó dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ká àkísà sókè, mo rí i tí àwọn ọmọ dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá kan, tí wọ́n ń fà á. Èkejì wà lórí ẹyin, kò mira. Mo fi igi ìgbálẹ̀ gba ẹni tí wọ́n ń fà jáde. Ìdí rẹ̀ pọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló kú sí.

Nígbà yẹn, Ìyá Kékeré ti ra ìkòkò irú tirẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èéfín méjì kàn ń jáde lágbàlá wa ni.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Sáfúrà padà wá, nígbà Iléyá kan, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti èdè Fọ̀n lẹ́nu. Kó tó bọ́ bàtà, ó ti béèrè àwọn èèrà. Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un, mo sì gbé gíláàsì náà fún un. Ó wò ó pẹ́.

"Ta ló fà á jáde?"

"Àwọn ọmọ ni."

"Ìyá kejì ńkọ́?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Sáfúrà fi àkísà bo gíláàsì náà jẹ́jẹ́, bí ẹni bo ọmọ tó sùn.

"Kí ló fẹ́ ṣe?" ló sọ.

Ó padà sọ́dọ̀ tata. A gbọ́ pé ó lọ́kọ, a gbọ́ pé ọkọ mú un lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Títí Ìyá Kékeré fi kú, bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, ó máa ń dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọkọ̀ náà kò wá mọ́ báyìí; koríko ti bo irin, ewúrẹ́ ń sùn lé e. Èèrà nìkan ni kò yí padà. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, àwọn ìyá bọ́ ìyẹ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ wá ilé.

Èmi náà dàgbà, mo di ìyáálé, mo ní orogún. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ láti Kútọnu pé àwọn fẹ́ ọmọbìnrin kan. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin jókòó, àkọ́bí wúkọ́, ó ní tiwa kò ní í lọ. Mo gbé ọwọ́ kúrò nínú omi irú. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lọ. Mo ní, "Kò sí tiwa, kò sí tiwọn. Èmi àti ìyá wọn la jọ gbẹ́ ihò tí ẹ̀yin ń gbé."