Ọ̀já Pupa Ìdí Àwo Ṣìmí

Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta kan wà tó máa ń fi ogójì ìṣẹ́jú wọ aṣọ kó tó lọ ju àwo ike nínú yìnyín. Adétóun lorúkọ rẹ̀. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Fordham nílùú òyìnbó níbí, òun lókè, èmi nísàlẹ̀, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan náà la sì ń lọ. Láàárọ̀ Sátidé, tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àjà mi, mo ti mọ̀ pé ó ti ń múra nìyẹn.

Ìmúra ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Kò jẹ́ fi aṣọ òwú kan ara rẹ̀ láéláé, torí òwú máa ń mu òógùn, á wá tutù mọ́ èèyàn lára. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara ló kọ́kọ́ ń wọ̀, á wọ súẹ́tà onírun àgùntàn lé e, á wá fi jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá bo gbogbo rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì. Irin eléyín tí wọ́n ń fà bọ ìsàlẹ̀ bàtà kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ju àwo, ọwọ́ tó bá sì wọ ìbọ̀wọ́ kì í di àwo mú dáadáa. Torí ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló ṣe rán àpò kan tó ń so mọ́ ìbàdí, tó ní ihò lọ́tùn-ún lósì, tó sì máa ń ki àwọn ìdì kéékèèké tó ń gbóná fúnra wọn sí nínú. Tí mo bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, á ní, "Susan, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Eré náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Apẹ̀rẹ̀ onírin mẹ́sàn-án ló wà káàkiri páàkì náà. Wàá máa ju àwo rẹ títí á fi bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fi ìjù tó kéré jù lọ ṣe é ló borí. Ọ̀dọ̀ William ló ti kọ́ ọ, bàbá kan tó ń tọ́jú ní ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá náà ò lè rìn mọ́, àmọ́ ó máa ń ní kó ti kẹ̀kẹ́ òun dé páàkì, á jókòó síbẹ̀, á máa júwe fún un. Nígbà tó kú, àwo mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún Adétóun. Ọdún yẹn náà ni ọkọ Adétóun lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò padà wá mọ́. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ ni Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ìjọsìn ni Sọ́ńdè. Sátidé nìkan ló jẹ́ tirẹ̀.

Sátidé yẹn ló wá pín fún Ṣìmí. Ọmọ ìjọ wa ni Ṣìmí, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, Queens Village ló ń gbé. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló ní òun fẹ́ wá wo eré yìí, ó sì wọ bàtà kánfáàsì wá nínú oṣù Kejìlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. Adétóun jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan kúrò lára méjì tó wọ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un. Lọ́sẹ̀ kejì, ó rán àpò ìbàdí fún un, irú tirẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ọ̀já ló wá dun èmi jù. Yìnyín máa ń gbé àwo mì. Àwo á gba ẹ̀gbẹ́ wọlẹ̀, á rá mọ́ abẹ́, o ò ní rí i títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Torí náà, wọ́n máa ń fi téèpù lẹ ọ̀já gígùn mọ́ ìdí rẹ̀, kí ìrù rẹ̀ lè hàn lórí yìnyín. Ọ̀já tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ayé ń lò. Adétóun mú àlùmọ́gàjí, ó gé gèlè pupa tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i kó tó kú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tirẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Ṣìmí ní. Mo bá a jà lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ò ráyè wé gèlè mọ́, ṣùgbọ́n àwo Ṣìmí ò gbọdọ̀ sọnù.

Ní oṣù Kìíní ọdọọdún, àwọn tó ń ju àwo ní páàkì náà máa ń ṣe ìdíje eléèyàn méjì-méjì. Ọ̀rẹ́ ò gba ẹlẹ́ta, ẹlẹ́jìméjì lọ̀rẹ́ ń gbà. Adétóun àti Ṣìmí ni wọ́n jọ ń ṣe é láti ọdún márùn-ún. Ṣìmí ló máa ń forúkọ wọn sílẹ̀ lórí fóònù, Adétóun kì í sì í bi í léèrè. Ta ni àgbà tó máa ń yẹ iṣẹ́ tó bá rán ọmọ rẹ̀ wò?

Lọ́dún yìí, nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, Ṣìmí pè é. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù.

"Aunty mi, ẹ má yọra yín lẹ́nu lọ́la o. Wọ́n ti cancel tournament yẹn. Òtútù yẹn ti too much. Ẹ ṣáà rest, ma, kẹ́ẹ mu tea gbígbóná."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á tọ́jú ìwọ náà. Bí o ṣe ń rántí mi, àwọn ọmọ rẹ á rántí rẹ."

"Àmín, ma."

Ní Sátidé yẹn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àjà mi, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí ibi tó ń lọ.

Ní Túsìdè, Luz wá. Luz, ọmọ Puerto Rico tó ń tajà ní ilé ìtajà oògùn ní òpópónà wa, ló máa ń ṣètò ìdíje náà. Ó mú àwo kan dání. Ó ní òun rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ karùn-ún lọ́jọ́ ìdíje Sátidé, nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ tán, ìrù pupa rẹ̀ yọ sórí yìnyín, òun sì mọ̀ pé kò sẹ́lòmíì tó ni irú ọ̀já yẹn. Ó wá béèrè pé ṣé orúnkún Adétóun ti sàn díẹ̀. Ó ní Ṣìmí sọ fún àwọn pé orúnkún ni kò jẹ́ kó wá, ìyẹn ló fi mú ọmọbìnrin kan wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gba ipò kejì.

Adétóun ní orúnkún òun ti sàn, ó dúpẹ́, ó sì po tíì fún un. Èmi ń wo ojú rẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà lójú náà títí Luz fi lọ. Ìgbà tí ilẹ̀kùn padé ló tó jókòó, ó gbé àwo náà lé itan, ó ń fa ọ̀já rẹ̀ gba àárín ìka.

Inú bí mi. Mo ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ní kó gbé fóònù wá kí n bá ọmọ yẹn wí.

"Susan," ó ní, "mo gbàdúrà fún un. Ó ń parọ́ fún mi, mo ń gbàdúrà fún un, ó sì ń ṣe àmín."

Ìgbà yẹn ló sunkún. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, àní lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ lọ, mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún múra, ogójì ìṣẹ́jú. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú kóòtù ìjọsìn mi tí kò bá òtútù yẹn mu rárá. Ṣìmí ti wà níbẹ̀, àpò ìbàdí lára rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Aunty mi. Ẹ ò wọ fìlà tó nípọn lónìí?"

Adétóun yọ àwo náà, ó nà án sí i. Ṣìmí wo ọ̀já pupa, ó sì kúnlẹ̀ sínú yìnyín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ dárí jì mí. Ẹ ti ń slow, ma. Mo fẹ́ win lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò lè sọ ọ́ lójú yín, torí respect ni."

"Irọ́ lo fi ń bọ̀wọ̀ fún mi? Ká ní o sọ ọ́, á dùn mí, àmọ́ èmi fúnra mi ni ǹ bá bá ẹ wá ẹlòmíì. Dìde, omi ń wọ ṣòkòtò rẹ. Máa lo àpò yẹn, òtútù ò mọ ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kó àwo tó kù wá."

Ó ká téèpù kúrò lára àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ká ọ̀já mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó tì wọ́n sínú àpò ìbàdí tirẹ̀, ó sì dá àwo padà fún ẹni tó ni wọ́n.

Ṣìmí dúró, kò mọ̀ bóyá kóun lọ tàbí kóun dúró. Nígbà tó yá, ó ju àwo kan. Àwo náà yà, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlẹ̀ nítòsí igi kan, yìnyín sì padé lé e. Èmi tí mi ò mọ eré náà rí ibi tó wọlẹ̀ sí. Adétóun náà rí i. Fún ọdún mẹ́fà, ìgbà yìí ló máa ń ké pé, "Yà sósì, Ṣìmí, ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i!"

Ṣìmí kúnlẹ̀, ó ń wa yìnyín níbi tí àwo ò sí, ó gbójú sókè, ó ń wò wá. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún Adétóun tó jáde nínú àpò, tó gbéra díẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, ó sì dá a padà síbi tó ti ń móoru.

"Susan," ó ní, "ó kàn mí."

Ó ju tirẹ̀, a sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé apẹ̀rẹ̀ kejì, mo wẹ̀yìn. Ṣìmí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wá àwo rẹ̀.