Ta ló rán ọ? Àmì dà?

Ẹ wo ọkùnrin tó fẹ́ gba àkáǹtì tí mo fi ń ta aṣọ òkè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án òní, nínú Ìsẹ́yìn níbí!

Ó pè mí. "Mà, iléeṣẹ́ tó ni àkáǹtì yín ló ní kí n pè yín. Olè fẹ́ wọ̀ ọ́. Nọ́ńbà kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí. Ẹ tètè kà á fún mi."

Nọ́ńbà wọlé lóòótọ́. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Má fún ẹnikẹ́ni."

Mo rántí bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá rán èèyàn láti oko wá gba nǹkan nílé, onítọ̀hún á mú fìlà bàbá mi dání bí àmì kí ìyá mi tó gbé ohunkóhun fún un.

Mo ní, "Ta ló rán ọ? Àmì dà?"

"Àmì wo, mà? Ẹ yára, wọ́n máa ti àkáǹtì yín pa!"

"Kí wọ́n tì í! Ṣé onílé tún ń tọrọ kọ́kọ́rọ́ ni?"

Ó pa fóònù. Mo wọ àkáǹtì mi fúnra mi, mo pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù.

Tó bá tún pè, fìlà bàbá mi ni kó kọ́kọ́ mú wá. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ní kó mú wá?