Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Fẹ̀yìn Gun Òkè Ìlárá

Òórùn obì tí wọ́n rẹ sómi ló máa ń jí mi láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ṣàgámù nígbà tiwa, ẹ mọ òórùn yẹn: ó kan díẹ̀, ó tún fẹ́ dùn díẹ̀, ara èèpo funfun tó ti rà ló ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, òórùn gíríìsì wà nínú rẹ̀. Mo jáde sí àgbàlá, mo bá bàbá mi níbi tó ti ń fi kẹrosíìnì fọ áàsù ọkọ̀ kan, irin gbàǹgbà tó máa ń wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ̀bá ìkòkò obì ìyá mi gan-an ló gbé e sí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún.

"Sìdí, lọ bọ́jú," ó ní. "À ń lọ sọ́dọ̀ Múfú. Òní la máa sọ ọkọ̀ wa di ẹyẹ."

Píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan la ní, òun àti ìyá mi ni wọ́n jọ rà á. Obì ni ìyá mi ń tà. Oko àwọn ará Ìlárá, ìlú tí wọ́n ti bí i, ló ti ń kó o wá sí Sábó, níbi tí Alhaji Sáánì ti ń kó o sínú tírélà lọ sí òkè Ọya. Bàbá mi ni dẹ́rẹ́bà. Ọkọ̀ náà kò yá nílẹ̀ rárá, àmọ́ kò sí ẹrù tó kọ̀. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n la ọ̀nà ẹsípírẹ́ẹ̀sì gba ẹ̀bá ìlú wa kọjá. Gbogbo ọkọ̀ ló ń yà á sílẹ̀ níbẹ̀, wọn a sì tún fọn fèrè sí i létí. Fèrè yẹn ló ń dun bàbá mi. Bó ṣe lọ ra áàsù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ti kú nìyẹn, nítorí ẹnì kan ti sọ fún un pé ìdí ọkọ̀ ni eré wà.

Múfú mẹkáníìkì fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sẹ́yìn. Ó ní kí n di táyà ọ̀tún mú, kí bàbá mi di ti òsì mú, ká jọ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A yí i. Èmi ni mo ka ìlà ṣọ́ọ̀kì náà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lẹ́ẹ̀màrún-ún. Nígbà tí wọ́n tú áàsù yẹn, tí wọ́n de èyí tí bàbá mi rà, a tún yí i. Kò tilẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Irin róbótó kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó léyín, òun ló ń yí ńlá," Múfú ṣàlàyé. "Ti tẹ́lẹ̀ ní eyín mẹ́jọ, tibí yìí ní mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnì yín kò ní yí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ kí táyà tó yí. Yóò sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má di ẹrù rù ú o, Bàbá Sìdí. Eré lẹ rà yẹn, agbára lẹ fi san án."

Bàbá mi ti wọnú ọkọ̀ kí Múfú tó sọ̀rọ̀ dé ibi ẹrù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gbé èmi àti ìyá mi gba ẹsípírẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ yẹn fò! Ẹ́ńjìnì tó máa ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń kùn jẹ́jẹ́. A yà takisí kan sílẹ̀, bàbá mi sì fọn fèrè títí a kò fi rí i mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń ka eré nìkan ni kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ìdí ọkọ̀. Ó ṣì ń fi áàsù tẹ́lẹ̀ kà á, ó ń sọ pé à ń rọra lọ. Ìyá mi wò ó, ó wo ìta.

"Bàbá Sìdí, abẹ́rẹ́ yín ní à ń rọra. Ṣé àwọn igi ló wá ń sáré?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ obì, ìṣísẹ̀ kékeré ló fi ń gun òkè." Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ fún èmi náà nìyẹn bí mo bá ń sáré ka ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kejì la lọ kó obì. Alhaji Sáánì ti kìlọ̀ fún ìyá mi pé bí wọ́n bá ti kírun Ayìlá ọ̀sán tán, tírélà yóò ṣí, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni obì rẹ̀ ti pẹ́ dé lóṣù náà. Bó bá tún pẹ́, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀. Obì náà kò sì ṣe é dá padà sílé. Wọ́n ti bó o, wọ́n ti fi ewé gbòdògì bò ó nínú apẹ̀rẹ̀, bó bá sì gbóná jù níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

A kó o kún ọkọ̀ ní abúlé tó wà lódìkejì odò, a kọjá afárá, a kọjú sí òkè tó wọ ìlú Ìlárá. Bàbá mi ki jíà kìn-ín-ní. Ọkọ̀ ṣe gbì, ó gbọ̀n, ó kú. Ó tún un ṣe. Ó tún kú. Nígbà kẹta, òórùn jíjóná gba imú wa, ọkọ̀ sì ń yí padà lọ sódò. Ìyá mi bẹ́ sílẹ̀, ó gbé òkúta ti táyà. Bí a bá ní ká fi orí ru apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú.

"Ọ̀nà kan ò wọjà," ìyá mi sọ. "Jíà wo ló lágbára jù nínú ọkọ̀ yìí?"

Èmi ni mo dáhùn, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Múfú: "Rìfáàsì ni."

Bàbá mi yí ojú padà sí mi bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ tà lọ́pọ̀. Orí òkè yẹn ni ilé Bàbá Àgbà wà, bàbá tó bí ìyá mi. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòji tí wọ́n ń wò wá. Bàbá mi kò kọjá ilé yẹn rí láìsọ̀kalẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀yìn ni kí n kọ sí àna mi?" ó ní. "Kó jẹ́ ìdí ọkọ̀ ni Bàbá máa kọ́kọ́ rí?"

Ìyá mi kò pariwo. Ó ṣí ewé kúrò lórí apẹ̀rẹ̀ kan, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. "Obì yìí ti ń gbóná o."

Bàbá mi wo ọwọ́ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí ọkọ̀ lẹ́bàá afárá, ó yọrí síta, ó fi rìfáàsì gbá òkè mú. Ọkọ̀ ń rá lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ìyá mi ń gbé òkúta tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọdé tú jáde: "Ó ń fẹ̀yìn bọ̀ o! Ó ń fẹ̀yìn bọ̀!" Mo rí ọmọ kíláàsì mi kan láàárín wọn. Mo wọlẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, mo fi gèlè ìyá mi bo orí. Ojú tì mí débi pé mo sunkún.

Nígbà tí a dé òkè, Bàbá Àgbà dìde. "Lèésì rèé?" ó béèrè ẹni tó dé, bí ẹni tí kò mọ̀ wá. Bàbá mi kò nu òógùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yìn ni mo fi dé."

Bàbá Àgbà wo apẹ̀rẹ̀ tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tó kọjú sí ilé rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Dìde, ọkọ ọmọ mi. Ẹni tí obì ṣáájú rẹ̀ wọlé àna, ta ló máa ní kò mọ àna-án kí?"

Gbogbo ilé pa ẹ̀rín. A dé Sábó nígbà tí àwọn ọkùnrin ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, obì ìyá mi sì wọ tírélà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bàbá mi lọ gba áàsù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ Múfú, ó padà sí ibi tí wọ́n ti ń fọn fèrè sí i. Àwọn ará Ìlárá sọ ọ́ ní Afẹ̀yìn-gòkè, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mo ti ju ọjọ́ orí tí bàbá mi wà lọ́jọ́ náà lọ dáadáa. Mo ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi rọ̀ mọ́ ìpinnu kan tí mo mọ̀ pé kò dára, torí n kò fẹ́ kí àwọn tó wà lábẹ́ mi rí mi tí mò ń padà sẹ́yìn. Mo rò pé agbára nìyẹn. Bàbá mi tó fẹ́ràn eré ju oúnjẹ lọ fẹ̀yìn rìn lójú àna, lójú ọmọdé, torí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ obì. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, fi gèlè bojú. Ká ní ó ṣeé ṣe fún mi láti padà sínú ọkọ̀ náà lónìí, màá yọ gbogbo orí mi síta fèrèsé, màá pariwo sí wọn pé, "Bàbá mi ló ń wà á o!"